Ùhanrun Kọ́ Nìyí

Àdúgbò Ùró,
Ìkéré-Èkìtì.
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Àbẹ̀kẹ́ mi, dókítà mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lánàá. Dẹ́rẹ́bà tó ń ná Emùré sí Ìkéré ló mú un wá, ó sì ní o ní kí òun dúró gba èsì. Mo ní kó máa lọ, pé èsì èyí kì í ṣe ohun tí à ń kọ lórí ìdúró. Ìyá rẹ ń yangbẹ gààrí lẹ́yìnkùlé, ó ní kí n kí ọ. Ó tún ní kí n bi ọ́ bóyá o ń jẹun, nítorí gbogbo ojú ìwé mẹ́ta tí o kọ, kò sí oúnjẹ kankan níbẹ̀.

Mo gbọ́ pé ara rẹ le, pé yàrá tí wọ́n fún ọ kò jò, àti pé àwọn ìyá ọlọ́jà Emùré ń bu ènì sí ata rẹ nítorí pé dókítà ni ọ́. Inú mi dùn sí gbogbo ìyẹn. Ibi tí inú mi kò dùn sí ni ojú ìwé kejì, níbi tí o ti ní kí n bá ọ̀rẹ́ mi tó wà ní ọ́fíìsì ìlera ní Adó sọ̀rọ̀, kí ó yọ orúkọ rẹ kúrò lára àwọn tó máa ṣe kọ́ọ̀sì ìtọ́jú pàjáwìrì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Mo ka àwọn ìdí rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní kò tíì pé ọdún méjì tí o jáde ní yunifásítì. O ní wọ́n kó dókítà, nọ́ọ̀sì àti dẹ́rẹ́bà áńbúlánsì pọ̀ sínú kíláàsì kan bí àdàlú. (Àdàlú tí ìwọ gan-an kì í jẹ tì.) O ní èyí tó wá burú jù ni pé Sístà Ọmọ́wùmí, nọ́ọ̀sì lásán, ni yóò dúró níwájú kọ́ yín. O wá kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí pé: "Bàbá, kí ni nọ́ọ̀sì fẹ́ fi kọ́ dókítà?"

Àbẹ̀kẹ́, iṣẹ́ kí ni bàbá rẹ ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì? Mo gbà pé o gbàgbé nígbà tí bírò wà lọ́wọ́ rẹ. Mo bínú díẹ̀ o, n kò ní purọ́, ṣùgbọ́n mo ti sùn lé e, ó ti lọ.

N kò ní bá ọ̀rẹ́ mi sọ̀rọ̀. Tí mo bá sì fi í mọ bẹ́ẹ̀, wàá rò pé agídí àgbà ni. Nítorí náà, màá sọ ìdí rẹ̀ fún ọ. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, títí kan ìyá rẹ tó ń yangbẹ gààrí lọ́wọ́ yìí. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ọ̀kan nínú àkísà mi ni mo fẹ́ yọ hàn ọ́ yìí, jọ̀ọ́, má yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ìgbà tí mò ń wí yìí, abẹ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó la ṣì wà. Gbogbo nǹkan, Àkúrẹ́ ni: ìwé ìgbéga, ìwé ìsinmi, oògùn wọ́ọ̀dù. Ìwọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tàgétàgé. Èmi ni nọ́ọ̀sì àgbà ní yàrá pàjáwìrì ọsibítù kékeré kan. O mọ̀ ọ́n, n kò ní kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Dókítà kan ṣoṣo la ní, iṣẹ́ abẹ ló sì ń gbà á lọ́sàn-án. Bí àwọn èèyàn bá gbé aláìsàn dé, èmi ni wọ́n máa ń bá. Wọ́n wá ń pè mí ní Dókítà. Lákọ̀ọ́kọ́ mo máa ń sọ pé, "Nọ́ọ̀sì ni mí o." Nígbà tó yá, mo dákẹ́. Nígbà tó tún yá, bí ẹnikẹ́ni bá pè mí ní Nọ́ọ̀sì, n kì í tètè gbọ́.

Lọ́dún kan, ìwé dé láti Àkúrẹ́ pé kí n wá ṣe kọ́ọ̀sì ọ̀sẹ̀ méjì lórí ìtọ́jú pàjáwìrì. Mo wo orúkọ ẹni tí yóò kọ́ wa. Ọmọkùnrin kan tó kọ́ṣẹ́ lábẹ́ mi ni, èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn. Mo ní, "Èmi? Kí n lọ jókòó síwájú èyí?" Mo kọ̀wé padà pé ibà dá mi gúnlẹ̀. Ibà kankan kò ṣe mí. Oko ni mo lọ, mo fi ọ̀sẹ̀ méjèèjì kọ ebè. Ọ̀rọ̀ tí o kọ sí mi yìí, Àbẹ̀kẹ́, n kò ní láti béèrè ibi tí o ti rí i. Ara mi ni o ti mú un.

Alábàáṣiṣẹ́ mi kan, Ọ̀gbẹ́ni Àjàyí, lọ ní tirẹ̀. Nígbà tó dé, ó fún mi ní ẹ̀dà ìwé tí wọ́n pín fún wọn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi ka ojú ìwé kẹta." Mo ní mo gbọ́. Mo gbé ife tíì lé e lórí, mo mu tíì náà tán, mo sì ju ìwé náà sínú dúrọ́ọ̀.

Kò tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé akọpẹ kan dé. Ọ̀sán gangan ni, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Igbà tó fi ń gun ọ̀pẹ ló já mọ́ ọn lára ní oko kan lójú ọ̀nà Ìsẹ̀. Ilẹ̀kùn ahéré ni wọ́n yọ, orí rẹ̀ ni wọ́n tẹ́ ẹ sí nínú píkọ́ọ̀pù. Ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, àbúrò rẹ̀ wà níbẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin tí wọ́n lọ pè ní ilé-ìwé wà níbẹ̀ pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù lọ́rùn. Ọkùnrin náà kò lanu, kò lajú. Ojú ọgbẹ́ orí rẹ̀ kò tilẹ̀ tóbi.

Mo ṣe gbogbo ohun tí mo mọ̀. Mo di orí rẹ̀, mo wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, mo fa omi sí i lára. Mo tẹ́ ẹ gbalaja, ó dojú kọ òkè. Mo wá wá ìrọ̀rí tó nípọn jù ní wọ́ọ̀dù, mo fi sí i lábẹ́ orí, kí ó lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Kò pẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun.

Ìyàwó rẹ̀ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè: "A dúpẹ́ o! Ó ti rí oorun sùn." Àbúrò rẹ̀ ní, "Ó rẹ̀ ẹ́ ni, láti ìdájí ló ti wà lórí ọ̀pẹ." Èmi náà, ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́: "Ẹ jẹ́ kó sinmi. Oorun ni oògùn ẹni tó ṣubú."

Ìwọ dókítà ti ń mi orí níbi tí o jókòó sí. O ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ náà, ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n nínú yàrá yẹn, kì í sì í ṣe èmi.

Ọmọbìnrin rẹ̀ dúró síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ó kúnlẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Bàbá mi kì í hanrun. Yàrá kan náà la jọ ń sùn. Ùhanrun kọ́ nìyí, sà."

Mo wò ó. Mo ní, "Ìhanrun. Ìhanrun là ń pè é, kì í ṣe ùhanrun. Ṣé bí wọ́n ṣe ń kọ́ yín ní ilé-ìwé nìyẹn?"

Àwọn nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Àbúrò bàbá rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà sorí kọ́.

Èmi tí mo ń tún ọ̀rọ̀ ṣe fún un yìí, ta ni mí? Ọmọ Ìkéré ni mí. Inú "ulé" ni wọ́n bí mi sí, "uṣu" ni ìyá mi fi tọ́ mi. Àmọ́ mo ti di Dókítà, mi ò sọ Èkìtì lẹ́nu iṣẹ́ mọ́. Ọmọ mú òótọ́ wá bá mi, mo yẹ aṣọ tí òótọ́ náà wọ̀ wò, mo dá a padà.

Mo lọ sídìí aláìsàn mìíràn. Mo ń gbọ́ ìhanrun náà lẹ́yìn mi, ó ń le sí i, ó ń dún bí ẹni ń fi ayùn rẹ́ pákó. Nígbà tó yá, ó ń dáwọ́ dúró díẹ̀, ó tún ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà n kò gbọ́ ọ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Oorun ti wọ̀ ọ́ lára wàyí." Nígbà tí dókítà yóò fi jáde nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, ó fọwọ́ kan ọkùnrin náà, ó sì béèrè ọ̀rọ̀ kan péré: "Ta ló fi ìrọ̀rí sí i lábẹ́ orí?" Mo fa ìrọ̀rí náà yọ. Kò tún béèrè mọ́.

Àwọn baba wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà wà lọ́jà, orí bàbá olóbàbá wọ́ lójú mi, ìrọ̀rí tí èmi fúnra mi fi sí i ló sì mú un wọ́.

N kò mọ̀ bóyá ì bá yè. Ọ̀pẹ ga, inú orí sì ṣòro í mọ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe orí ló pa á lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Èémí ni kò rí ọ̀nà gbà.

Nígbà tí wọ́n sin ín tán, àwọn ẹbí rẹ̀ wá kí mi. Wọ́n gbé iṣu mẹ́fà wá, iṣu gidi, wọ́n ní àwọn wá dúpẹ́ lọ́wọ́ Dókítà tó gbìyànjú lórí èèyàn àwọn. Mo gbà á. Ìyá rẹ gún un níyán. Ìwọ gan-an jẹ níbẹ̀, o sì tọrọ kún un. Èmi ní inú ń run mí.

Ní ọjọ́ yẹn ni mo ṣí dúrọ́ọ̀. Ohun tó wà ní ojú ìwé kẹta kò ju ìlà mẹ́rin lọ: pé ẹni tí kò mọra rẹ̀ mọ́ tó wá ń hanrun, kì í ṣe pé ó sùn, ahọ́n rẹ̀ ló ń dí i lọ́fun. Kí á yọ ìrọ̀rí. Kí á má yí ọrùn rẹ̀. Kí á fi ìka ti egungun àgbọ̀n rẹ̀ síwájú, kí á sì dì í mú bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ìka, Àbẹ̀kẹ́, kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ. Mo fi ìwé náà sínú àpò lẹ́tà yìí. Òǹtẹ̀ róbótó tó wà lára rẹ̀, ìdí ife tíì mi ni.

Ó yá, jẹ́ kí n wá gbà ọ́ nímọ̀ràn, nítorí ìyẹn ni mo ṣe jókòó.

Ìkínní. Ìmọ̀ iṣẹ́ wa máa ń bà jẹ́ nílẹ̀, bíi gààrí tí afẹ́fẹ́ tútù wọ̀. Kì í ṣe pé ohun tí wọ́n kọ́ wa nígbà tiwa kò dára tó lójú ẹni tó kọ́ wa. Wọ́n kọ́ wa pé bí gìrì bá mú èèyàn, kí á ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu; lónìí wọ́n ní kí á má ki nǹkan kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu mọ́. Wọ́n kọ́ wa pé bí ejò bá bu àgbẹ̀ ṣán, kí á so ẹsẹ̀ rẹ̀ le dan-in dan-in, kí á sì fi abẹ sín in. Lónìí wọ́n ní ìyẹn gan-an lè jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà kú. Ẹni tó bá dúró lórí ohun tó kọ́ lọ́jọ́sí, tọkàntọkàn ni yóò fi pa èèyàn. Ọdún méjì tí o fi jáde yìí, o rò pé kò tó nǹkan. Ti èmi, ìwé náà kò tíì pé oṣù mẹ́ta nínú dúrọ́ọ̀ tí èèyàn fi kú.

Ìkejì, ọ̀rọ̀ àwọn dẹ́rẹ́bà tí o kò fẹ́ bá jókòó. Ní ọsibítù wa, a ní dẹ́rẹ́bà áńbúlánsì kan tí à ń pè ní Alájì Súlè. Kò kàwé kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló máa ń lọ gbé àwọn tí mọ́tò kọlù lójú ọ̀nà Adó. Ní ọjọ́ kan èmi àti ẹlòmíì fẹ́ gbé ẹni tó farapa sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò, mo di apá mú, ẹnì kejì di ẹsẹ̀ mú. Alájì pariwo: "Ẹ dúró ńbẹ̀! Orí àti ejìká, ẹ jẹ́ kí wọ́n jọ gbéra. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀kan ṣáájú èkejì!" Ó ti lọ kọ́ ọ níbì kan, ó sì rántí. Ní ọjọ́ náà mo ṣe ohun tó wí, nítorí ó jẹ́ lẹ́yìn ti akọpẹ. Tó bá jẹ́ ṣáájú ni, màá ti béèrè ẹni tó fi í ṣe ọ̀gá mi. Nítorí náà, wá dẹ́rẹ́bà kan jókòó tì ní kíláàsì náà. Òun ni yóò máa gbé aláìsàn wá fún ọ. Tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń di orí mú, òkú ni yóò máa gbé wá, yunifásítì rẹ kò sì ní ràn án.

Nǹkan kẹta ni mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Kí o tó kọjú sí aláìsàn, bi ẹni tó gbé e wá pé: "Kí lẹ rí lára rẹ̀ tí kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀?" Kí o sì dákẹ́ gbọ́ ọ. Àwọn ará Emùré kò sọ̀rọ̀ bíi tiwa ní Ìkéré, àwọn ará Ìsẹ̀ náà ní tiwọn. Bí ọ̀rọ̀ kan kò bá yé ọ, ní kí wọ́n tún un sọ, má tijú, má sì jẹ́ kí ojú tì wọ́n. Ẹni tó ń bá èèyàn sùn nínú yàrá kan náà mọ èémí rẹ̀ ju ìwé lọ. Má tún ahọ́n ẹnikẹ́ni ṣe nígbà tí aláìsàn wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

Mo ní nǹkan kẹrin, ó ti bọ́ lọ́kàn mi. Bóyá ti orúkọ Dókítà tí wọ́n ń pè wá yìí ni: tìrẹ kì í ṣe àpèlé bíi tèmi, o kàwé fún un. Ìyẹn ló jẹ́ kí ó léwu fún ọ jù mí lọ, nítorí kò sí ẹni tí yóò lè sọ fún ọ pé irọ́ ni.

Mú aṣọ ìbora dání lọ sí Adó, ọyẹ́ ti ń mú. Jẹun kí o tó wọ kíláàsì. Ka ìwé tí wọ́n bá pín lọ́jọ́ tí wọ́n bá pín in, má sì gbé ife lé e.

Mo ti ń fi ìmọ̀ràn sá fún ibi tí mò ń lọ yìí. Jẹ́ kí n wí i.

Ọmọbìnrin tó wọ yúnífọ́ọ̀mù ní ọjọ́ náà, Sístà Ọmọ́wùmí ni.

Nígbà tó jáde ìwé mẹ́wàá ló wọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Kò sí kọ́ọ̀sì pàjáwìrì tó gbọ́ tí kò lọ. Ó lọ sí Ìbàdàn, ó lọ sí Èkó. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ tiwa sílẹ̀, òun ni wọ́n ní kó máa kọ́ àwọn yòókù. Nọ́ọ̀sì lásán tí o kọ nípa rẹ̀ nìyẹn. Ní gbogbo ọdún tuntun, ó máa ń wá kí mi nílé yìí. Ó máa ń kó ọsàn wá. Ó máa ń kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ kú ọdún, Dókítà." Kò mẹ́nu kan bàbá rẹ̀ rí. Mo máa ń tan ara mi pé bóyá kò mọ̀. Àmọ́ ẹni tó ń fi nǹkan yìí kọ́ni, báwo ni kò ṣe ní í mọ̀? Ó mọ̀, ó sì ń kúnlẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tó bá lọ tán, n kì í lè jẹ ọsàn náà.

Mo ti pinnu. Lọ́jọ́ Ajé, mọ́tò àkọ́kọ́ tó bá ń lọ sí Adó, màá wà nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè mí, mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n màá bẹ Sístà kó fún mi láyè lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Kọ́ọ̀sì tí mo fi ibà èké sá fún, màá ṣe é báyìí. Bí ó bá parí ti ọjọ́ àkọ́kọ́, màá sọ fún un ohun tó yẹ kí n ti sọ níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì bàbá rẹ̀: "Ọmọ mi, òótọ́ lo sọ. Èmi ni n kò gbọ́." N kò mọ ohun tí yóò ṣe. Bóyá yóò sunkún, bóyá yóò lé mi jáde. Ẹ̀rù ń bà mí, Àbẹ̀kẹ́. Mo dàgbà tó báyìí, ẹ̀rù ń bà mí bí ọmọ ilé-ìwé.

Mo bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kí n dá jókòó lórí bẹ́ǹṣì yẹn.

Bí ó bá sì dé ibi tí yóò ti kọ́ yín nípa aláìsàn tó ń hanrun, tí ó bá pè é ní ùhanrun, má rẹ́rìn-ín. Kọ ọ́ sínú ìwé rẹ bó ṣe pè é gan-an.

Èmi ni bàbá rẹ,
Nọ́ọ̀sì.